Power BI, Tableau, Looker Studio tàbí Excel? Ìbéèrè tí àwọn oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ Iléṣà àti Ifẹ̀ máa ń bi wá

Ìbéèrè kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà Àtàkúmọ̀sà, àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Ifẹ̀ wá bá wa. A kó ìdáhùn wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó wà nísàlẹ̀. Iye owó tí a kọ jẹ́ èyí tí àwọn tó ni sọ́fítíwià náà fi síta fún ayé, dọ́là sì ni wọ́n fi ń kà á.

Kí ni business intelligence, kí ló sì yà á sọ́tọ̀ sí data analytics?

Business intelligence, tí wọ́n gé kúrú sí BI, ni kí ènìyàn kó àkọsílẹ̀ òwò rẹ̀ jọ, kí ó tò ó, kí ó sì gbé e sójú kan tí ẹni tó ni òwò á ti rí i kíá: kí la tà, ta ló jẹ wá, ọjà wo ló ń kú sórí igbá? Hans Peter Luhn ti ilé iṣẹ́ IBM kọ̀wé lé e lórí ní 1958, ṣùgbọ́n 1989 tí Howard Dresner tún gbé orúkọ náà jáde ni àwọn oníṣòwò tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Data analytics jìn ju ìyẹn lọ. BI á sọ fún yín pé sìmẹ́ńtì tí ẹ tà lóṣù Kẹjọ kò tó ti oṣù Keje. Analytics á wádìí rẹ̀: ṣé òjò ni, ṣé owó ni, àbí oníbàárà ńlá kan ló ti ya ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn? Á tún gbìyànjú láti sọ ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Nínú àwọn sọ́fítíwià òde òní, ààlà àárín méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí orúkọ kó ìdààmú bá yín.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn Òṣómàáló tó ń ru aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń tà á láwìn, mọ ẹni tó jẹ wọ́n, iye tó jẹ, àti ọjọ́ tí àwọn máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Orí ni dáṣíbọ́ọ̀dù tiwọn, ìyẹn ojú ewé tó ń fi àwòrán àti iye òwò hàn, wà.

Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé èmi náà nílò rẹ̀?

Ẹ nílò àkọsílẹ̀. Ẹ lè má nílò Power BI rárá. Ẹ ṣí ṣíìtì kan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ títà kan, kí òpó rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́, orúkọ ọjà, iye ẹyọ, iye tí ẹ rà á, iye tí ẹ tà á, owó ọwọ́ tàbí àwìn, àti oníbàárà. Òpó “iye tí ẹ rà á” ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun gan-an sì ni èrè ń ti inú rẹ̀ jáde. Ẹni tí kò bá ní i, kò sí sọ́fítíwià láyé yìí tó lè sọ èrè rẹ̀ fún un.

Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ẹ tó náwó sórí ohunkóhun.

Mo ti ní Excel. Kí ni yóò lé mi kúrò nínú rẹ̀?

Kì í ṣe ìwọ̀n. Ojú ewé Excel kan gba ìlà 1,048,576 àti òpó 16,384. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe títà 200 lóòjọ́ láìsinmi yóò lò ju ọdún mẹ́rìnlá lọ kí ojú ewé kan tó kún. Google Sheets gba sẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù mẹ́wàá nínú fáìlì kan, ìyẹn náà tó.

Ohun tó ń léni kúrò ni ọ̀pọ̀ ọwọ́. Ẹ̀ka Iléṣà ní fáìlì tirẹ̀, Òṣú ní tirẹ̀, Ifẹ̀ ní tirẹ̀. Akọ̀wé kan pa òpó kan rẹ́, èkejì yí orúkọ ọjà padà, nígbà tó bá sì di òpin oṣù, fáìlì mẹ́ta á wà lórí WhatsApp tí kálukú ń pè ní “èyí tó pé”. Ibẹ̀ ni ó ti yẹ kí ẹ máa ro BI.

Kí ẹ tó lọ, ẹ lo PivotTable, tó ń kó ọ̀pọ̀ ìlà jọ di àkópọ̀ kékeré, àti Power Query. Power Query ti wà nínú Excel fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 2016, ó sì lè kó gbogbo fáìlì tó wà nínú fódà kan pọ̀ di ṣíìtì kan, kó sì tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú títẹ bọ́tìnnì kan. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan méjèèjì kò tíì ní ẹjọ́ kankan tó lè pe Excel.

Nínú Power BI, Tableau àti Looker Studio, èwo ló dára jù?

Ó dá lórí ibi tí àkọsílẹ̀ yín wà àti iye ènìyàn tó máa wò ó. Ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Power BI jẹ́ ti Microsoft. Oṣù Keje 2015 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ibi tó ti ta yọ ni síso ọ̀pọ̀ tábìlì pọ̀: tábìlì títà, ti ọjà, ti oníbàárà, ti ọjọ́, kí gbogbo wọn máa bára wọn sọ̀rọ̀. Èdè ìṣirò rẹ̀, DAX, ni ìṣòro ibẹ̀. Ó jọ fọ́múlà Excel lójú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé CALCULATE, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Tableau dàgbà jù ú: àwọn ará Yunifásítì Stanford ló dá a sílẹ̀ ní 2003, Salesforce sì rà á ní 2019 ní bílíọ̀nù dọ́là 15.7. Tó bá jẹ́ kí ènìyàn kàn máa fa òpó síbí, fa òpó sọ́hùn-ún, títí ọ̀rọ̀ á fi yé e láti inú àwòrán, a ò tíì rí èyí tó jù ú. Owó rẹ̀ ló ń lé àwọn ènìyàn wa.

Looker Studio jẹ́ ti Google. Data Studio ni orúkọ rẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá 2022. Inú búráúsà ló ń gbé, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń bá Google Sheets ṣe bí ẹni tó ti mọ ara wọn tipẹ́. Ṣùgbọ́n tí ìlà bá pọ̀, ó máa ń fà, tábìlì márùn-ún péré sì ni ẹ lè dà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣì í mú fún Looker lásán, ọjà mìíràn tí Google rà ní bílíọ̀nù dọ́là 2.6, ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ìyẹn wà fún.

Ẹnìkan á tún bèèrè Qlik, tó ti ìlú Lund ní Sweden wá ní 1993. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé tí ẹ bá tẹ ọjà kan, kì í ṣe àwọn tó rà á nìkan ló ń fi hàn, ó tún ń fi àwọn tí kò rà á hàn ní àwọ̀ eérú. A fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ẹni tó máa kọ́ yín nítòsí. Tiwa ni pé: tí àkọsílẹ̀ yín bá wà nínú Google Sheets, tí ẹ kò sì ju ẹnìkan méjì lọ, Looker Studio. Tí ẹ̀ka bá pọ̀, tí Excel sì ni gbogbo yín ń lò, Power BI. Kí ẹ tó mú Tableau, kí ẹnìkan ti wà nínú ilé iṣẹ́ yín tí iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́ jẹ́ kí ó máa tú àkọsílẹ̀ palẹ̀.

Èló ni wọ́n?

Power BI Desktop, ibi tí ẹ ti ń kọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kò gba kọ́bọ̀. Pípín in ló ń náni lówó. Láísẹ́ǹsì Pro kúrò ní dọ́là 10 sí dọ́là 14 fún ẹnìkan lóṣù ní oṣù Kẹrin 2025. Premium Per User kúrò ní 20 sí 24. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í gbọ́ dáadáa ni pé ẹni tó fẹ́ kàn wò ó pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ní Pro. Ènìyàn mẹ́fà túmọ̀ sí dọ́là 84 lóṣù, yálà ẹnìkan péré ló ń kọ́ ọ tàbí gbogbo wọn.

Tableau pín tirẹ̀ sí mẹ́ta: Creator dọ́là 75, Explorer 42, Viewer 15, fún ẹnìkan lóṣù, ọdọọdún sì ni wọ́n ń gbà á. Creator kan àti Viewer márùn-ún jẹ́ dọ́là 150 lóṣù, 1,800 lọ́dún, ẹ ó sì san án lẹ́ẹ̀kan náà. Looker Studio jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀dà Pro rẹ̀ jẹ́ dọ́là 9, ọ̀pọ̀ yín kò sì ní nílò rẹ̀.

Ẹ fi owó dọ́là sọ́kàn gan-an. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, ohun tí kò fi ẹyọ dọ́là kan gbówó lé ti di ìlọ́po lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá gbé ìnáwó ọdún kan kalẹ̀ fún ìgbìmọ̀ alájẹṣẹ́kù, kí ó fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Irú láptọ́ọ̀pù wo ni kí n rà? Ṣé fóònù ò lè ṣe é?

Windows, tó bá jẹ́ Power BI. Power BI Desktop kò ní ẹ̀dà Mac. Tableau Desktop wà fún méjèèjì, Looker Studio kò bìkítà nítorí búráúsà ló ń lò. Kí RAM rẹ̀ má dín ní 8GB, kí ó jẹ́ 16GB bí àpò bá gbà á. Fóònù wà fún wíwò: áàpù Power BI wà lórí Android àti iPhone, ó sì dára fún ọ̀gá tó ń rìnrìn àjò. Kò sí ẹni tó ń fi fóònù kọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù gidi.

Tí iná ò bá sí, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń ṣe ségesège ńkọ́?

Excel, Power BI Desktop àti Tableau Desktop jókòó sínú ẹ̀rọ yín. Tí bátìrì bá ti wà, iṣẹ́ ń lọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ẹ nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Looker Studio kò rí bẹ́ẹ̀: nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, iṣẹ́ dúró.

Nínú Power BI, tí ó bá bi yín bóyá Import tàbí DirectQuery, ẹ mú Import. Import ń da àkọsílẹ̀ sínú fáìlì. DirectQuery ń padà lọ bèèrè lọ́wọ́ orísun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ nǹkan, ìyẹn kò sì bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa mu. Pro gbà yín láàyè kí dáṣíbọ́ọ̀dù tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lóòjọ́, ṣùgbọ́n tí fáìlì yín bá wà lórí láptọ́ọ̀pù, láptọ́ọ̀pù náà gbọ́dọ̀ wà ní títàn lásìkò yẹn, kí gateway, ètò tó ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ Power BI orí íntánẹ́ẹ̀tì, sì ti wà lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà àná fi ń dúró sójú lẹ́yìn tí wọ́n bá mú iná lóru. Ẹ gbé fáìlì náà sórí OneDrive tàbí SharePoint ti iléeṣẹ́ yín, ọ̀rọ̀ gateway á parí.

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀gá, PDF ojú ewé kan lórí WhatsApp láàárọ̀ Mọ́ńdè tó. A ò rí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Kí ló dé tí Power BI ò gba Gmail mi?

Íméèlì iléeṣẹ́ tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni apá orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gbà. Gmail, Yahoo àti Outlook ti ara ẹni kò wọlé. Power BI Desktop kò bèèrè èyíkéyìí, nítorí náà ẹ lè kọ́ṣẹ́ náà títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ní íméèlì iléeṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ ni mí. Ṣé mo lè fi Power BI ṣe project dípò SPSS?

Rárá, tí project yín bá ní àbá tí ẹ fẹ́ dán wò. Chi-square, ANOVA, regression, ìwọ̀nyí kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dá Power BI sí. SPSS, sọ́fítíwià ìṣirò fún ìwádìí, ti wà láti 1968, IBM sì rà á ní 2009. Òun ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa mọ̀, ẹni tó máa ka iṣẹ́ yín á sì fẹ́ rí tábìlì tó mọ̀. Tí owó láísẹ́ǹsì bá jẹ́ ìṣòro, PSPP jọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Jamovi náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ó rẹwà jù ú lọ. R, tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Auckland, ló lágbára jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi oṣù tí ẹ fẹ́ gbèjà iṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jìnnà sí SPSS tí wọ́n fi fláàṣì pín fún yín lẹ́nu géètì. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń bá a wá.

Tó bá jẹ́ ìbéèrè ni ẹ fẹ́ gbé kiri abúlé, KoboToolbox ni kí ẹ fi gbà á. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a sì máa rán gbogbo rẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà sígboro. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìmọ̀ ìlera, ẹ kọ́ DHIS2 mọ́ ọn. Yunifásítì Oslo ló ń darí iṣẹ́ rẹ̀, òun ni Nàìjíríà fi ń kó àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn jọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ṣeé gbé jáde sí Excel.

Iṣẹ́ ni mò ń wá. Èwo ni kí n kọ́ ṣáájú?

Excel, lẹ́yìn náà SQL, lẹ́yìn náà Power BI. SQL, èdè tí a fi ń bi dátábéèsì léèrè, ni ọ̀pọ̀ ń sá fún, bẹ́ẹ̀ òun ló ń yọ ènìyàn láàárín èrò, nítorí pé sọ́fítíwià èyíkéyìí tí iléeṣẹ́ náà bá ń lò, inú dátábéèsì ni àkọsílẹ̀ wọn wà. Fún àwòrán tí ẹ máa fi han agbanisíṣẹ́, Tableau Public jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀, gbogbo ayé ló lè rí i. Tableau tún ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní láísẹ́ǹsì ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, tí a lè gbé sórí ẹ̀rọ tiwa?

Ó wà. Metabase àti Apache Superset ni méjì tí a máa ń dárúkọ. Ilé iṣẹ́ Airbnb ni Maxime Beauchemin ti bẹ̀rẹ̀ Superset ní 2015, kó tó di ti Apache. Metabase rọrùn jù: ẹni tí kò mọ SQL lè tẹ ìbéèrè jáde níbẹ̀, ẹ sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan nínú ṣọ́ọ̀bù kí àwọn tó kù máa wò ó lórí Wi-Fi ibẹ̀, láìra dátà kankan.

Ọ̀fẹ́ yìí ní ẹni tó ń san án, ṣá. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa tọ́jú sáfà, máa ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, máa gbé ẹ̀dà tuntun wọlé. Dátábéèsì ni àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn, wọn kò fẹ́ràn òkìtì fáìlì Excel. Tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀ ọ́n bá lọ sí Èkó, ṣé ẹlòmíràn wà?

Kí ló dé tí iye inú dáṣíbọ́ọ̀dù mi kò bá ti ìwé mi mu?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù lọ, ó sì ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ẹjọ́ sọ́fítíwià. Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí a ṣe ń kọ ọjọ́, 03/04 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò bíi ti Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta. Kò ní pariwo. Tó bá dé 25/04 tí kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, á sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ lásán tàbí kó kọ̀ ọ́, ìdajì oṣù á sì ti pòórá. Ẹ lọ sí ètò Windows, ẹ mú English (Nigeria), kí ẹ sì lo “Using Locale” nínú Power Query.

Ìkejì ni nọ́ńbà fóònù. Tí Excel bá kà á sí iye, odo iwájú 0803 á jábọ́, nọ́ńbà kan náà á sì di oníbàárà méjì. Ẹ sọ òpó náà di Text kí ẹ tó tẹ nǹkankan sínú rẹ̀.

Ìkẹta ni síso tábìlì pọ̀. Tí orúkọ oníbàárà kan bá wà lẹ́ẹ̀mejì nínú tábìlì oníbàárà, tí ẹ wá so ó mọ́ tábìlì títà, gbogbo ohun tó rà á di ìlọ́po méjì. Merge nínú Power Query á ṣe é, blend nínú Looker Studio á ṣe é, join nínú Tableau á ṣe é. Tableau ti ní relationships láti ẹ̀dà 2020.2, ìyẹn ń dín in kù. Kí ẹ tó so ohunkóhun, ẹ ka ìlà. Lẹ́yìn tí ẹ so ó, ẹ tún un kà. Tó bá lé, ẹ dúró.

Àmì ohùn ń da orúkọ àwọn oníbàárà mi rú. Kí ni mo lè ṣe?

Tí “Bọ́sẹ̀” bá di “B??s??”, ọ̀nà tí ẹ gbà tọ́jú fáìlì ni. Nínú Excel, ẹ mú “CSV UTF-8”, ẹ má mú CSV lásán. Tí ẹ bá ń gbé e wọ Power Query, kí File Origin jẹ́ 65001.

Èyí tó burú ni kí orúkọ náà hàn dáadáa, kí kọ̀ǹpútà sì máa kà á sí ènìyàn méjì. Ìdí rẹ̀ nìyí: kò sí ẹyọ àmì kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, tó dúró fún ẹ pẹ̀lú ohùn òkè. Ó lè jẹ́ ẹ tí wọ́n fi ohùn lé lórí. Ó lè jẹ́ e, lẹ́yìn náà àmì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn. Ó lè jẹ́ é tí wọ́n fi àmì sí lábẹ́. Ojú wa kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà lè yà wọ́n. Kíbọ́ọ̀dù fóònù akọ̀wé kan àti ti láptọ́ọ̀pù èkejì lè máà tẹ̀ ẹ́ bákan náà. Ẹ wá fi “Ìyá Bose” tí ẹnìkan kọ láìsí àmì kún un.

Ẹni tó mọ Python lè lo unicodedata.normalize láti sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ máa fi nọ́ńbà náà so tábìlì pọ̀, kí orúkọ kàn wà fún ojú. Ẹ kọ àmì ohùn síbẹ̀ dáadáa. Ẹ má tìtorí kọ̀ǹpútà ba orúkọ ọmọlọ́mọ jẹ́.

Báwo ni mo ṣe lè rí ẹni tó jẹ mí àti bí gbèsè náà ṣe pẹ́ tó?

Tábìlì méjì: ọ̀kan fún ọjà àwìn, ọ̀kan fún owó tí wọ́n san. Ẹ má ṣe máa pa gbèsè rẹ́ tí wọ́n bá san díẹ̀. Ẹ kọ ohun tí wọ́n san sí tábìlì kejì, kí sọ́fítíwià yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ pín ohun tó kù sí ọ̀wọ́: ọjọ́ 0 sí 30, 31 sí 60, 61 sí 90, àti èyí tó lé ní 90. Excel á fi TODAY() ṣe é, Power BI àti Tableau ní DATEDIFF, Looker Studio ní DATE_DIFF.

Ọgbọ́n kan wà nínú ti Power BI. Tí ẹ bá fi TODAY() sínú òpó tí ẹ ṣírò, ìgbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá tún ara rẹ̀ ṣe nìkan ni ó ń yí padà. Fáìlì tí ẹ kò tún ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ṣì máa sọ pé gbèsè náà jẹ́ ọjọ́ 28. Ẹ fi í sínú measure, ìṣirò tí Power BI ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń wò ó, dípò òpó.

Dáṣíbọ́ọ̀dù sọ pé òwò ń gòkè, ṣùgbọ́n owó ò sí lọ́wọ́ wa. Èwo ló ń parọ́?

Kò sí èyí tó ń parọ́. Náírà ni ẹ fi wọn òwò. Ká ní ẹ ta àpò ìrẹsì 100 lóṣù kan ní 40,000 náírà, mílíọ̀nù mẹ́rin nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì ẹ ta àpò 75 ní 80,000, mílíọ̀nù mẹ́fà. Àwòrán fò sókè ní ìdá 50 nínú 100, àpò sì fi ìdá 25 wálẹ̀. Ọjà tí ẹ máa fi dípò èyí tí ẹ tà náà ti gbówó lórí. Ẹ fi iye ẹyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó lójú ewé kìíní, kí ẹ sì fi èrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ máa fi ra ọjà padà. Kò sí èyí nínú àwọn sọ́fítíwià yìí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún oṣù tí ẹ ń fi wé oṣù. Ààwẹ̀ Rámádáànì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú lọ́dọọdún, nítorí náà oṣù Kẹta ọdún yìí àti ti ọdún tó kọjá lè máà rí bákan náà fún ẹni tó ń ta ṣúgà. Ọjà oṣù Kejìlá ní Iléṣà ní Kérésìmesì àti Ìwúde nínú. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu géètì yunifásítì ní Ifẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi 2022 wé ọdún kankan láìṣàlàyé, nítorí ASUU wà nínú ìyanṣẹ́lódì láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ẹ ṣe tábìlì ọjọ́ tiyín, kí òpó kan nínú rẹ̀ sọ bóyá ọjọ́ náà jẹ́ ti ààwẹ̀, ti ọdún, ti ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ìyanṣẹ́lódì. Tábìlì yìí ṣe iyebíye ju láísẹ́ǹsì èyíkéyìí lọ.

Ṣé ẹlòmíràn lè rí àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà mi?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣí i. “Publish to web” nínú Power BI ń sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Tableau Public bẹ́ẹ̀. Looker Studio tí ẹ ṣètò sí “ẹnikẹ́ni tó ní líǹkì” kò ní bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, líǹkì sì ń rìn lórí WhatsApp. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 12 oṣù Kẹfà 2023, kan ilé oògùn, alájẹṣẹ́kù àti ilé ẹ̀kọ́ aládàáni bó ṣe kan báǹkì. Orúkọ aláìsàn àti gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí líǹkì ti lè gbé e lọ.

Bíbo ojú ewé mọ́lẹ̀ kì í ṣe ààbò. Tí ẹ bá fẹ́ kí máníjà Òṣú rí ti Òṣú nìkan, row-level security ni kí ẹ lò nínú Power BI, kí ẹ sì fún un ní ipò Viewer. Tí ẹ bá fi í sí Contributor tàbí Member nínú workspace, ibi tí ẹ jọ ń tọ́jú iṣẹ́ lórí Power BI, ìdènà náà kò ní mú un, á rí gbogbo rẹ̀.

Ṣé AI ò ní gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa? Copilot ńkọ́?

Copilot, AI ti Microsoft tó wà nínú Power BI, kò bá láísẹ́ǹsì Pro nìkan wá. Ó nílò capacity, ìyẹn agbára ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa san owó rẹ̀ lọ́tọ̀, kì í sì í ṣe owó ṣọ́ọ̀bù. Àwọn AI tó jẹ́ ọ̀fẹ́ dára fún kíkọ DAX àti SQL, wọ́n sì ń ṣàlàyé àṣìṣe fọ́múlà dáadáa. Ẹ má da àkọsílẹ̀ oníbàárà sínú wọn. Bí a bá sì bi wọ́n ìdí tí ọjà fi wálẹ̀, wọ́n á dáhùn láìmọ̀ pé afárá ọ̀nà yín já lọ́sẹ̀ yẹn.

Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan, ṣé mo lè kó lọ sí òmíràn?

Àkọsílẹ̀ ń kó lọ, dáṣíbọ́ọ̀dù kì í kó lọ. Tableau kò lè ṣí fáìlì .pbix, Power BI kò lè ṣí .twbx. DAX tí ẹ kọ fún ọdún méjì kò wúlò níbòmíràn; ẹ ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń dín ìyà yìí kù ni ibi tí ẹ ti ń tún àkọsílẹ̀ ṣe. Tí gbogbo àtúnṣe orúkọ, ọjọ́ àti ìṣirò èrè bá wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ ni wọ́n máa há sí. Tí ẹ bá ń ṣe wọ́n nínú dátábéèsì, tàbí nínú fáìlì Excel kan tó mọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ sọ́fítíwià, àwòrán nìkan ni ẹ máa tún yà. Ẹ kọ ìtumọ̀ iye kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan pẹ̀lú: kí ni ẹ kà sí títà, ṣé ọjà tí wọ́n dá padà ti kúrò nínú rẹ̀, ọjọ́ wo ni ẹ ń lò, ọjọ́ tí ọjà jáde ni àbí ọjọ́ tí owó wọlé? Ẹni tó bá ń kó kúrò láìní ìwé yìí máa rí i pé sọ́fítíwià tuntun ń sọ nọ́ńbà mìíràn, kò sì ní mọ èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Kí ẹ lo àtijọ́ àti tuntun pọ̀ fún ìparí oṣù kan ó kéré tán, kí ẹ tó dá owó àtijọ́ dúró.